Òpó Ọlọ́wẹ̀: Kí I, Má Ròyìn Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Chicago ni mo ń gbé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akéwì kékeré kan. A ti fẹnu kò pé a máa lọ ka ewì níwájú àwọn iṣẹ́ ọnà tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute níbí, kí kálukú yan èyí tó bá wù ú. Èmi nìkan ni ọmọ Yorùbá láàárín wọn, torí náà mo yan òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó ń darí wa ní ekphrasis ni wọ́n ń pe irú ewì bẹ́ẹ̀, pé kí n ṣàpèjúwe òpó náà débi tí ẹni tó dijú á fi rí i. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo rẹ̀ ń dún bí àkọlé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ìyá mi tún gbọ́ nílé, wọ́n ní ṣé òrìṣà ni mo fẹ́ máa kí nílùú òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ nípa àkọlé yẹn, ibẹ̀ gan-an ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀. Àkọlé ti wà lára ògiri. Òpó fúnra rẹ̀ wà lórí ìdúró. Àwọn tó wá gbọ́ ewì rẹ yóò dúró síwájú rẹ̀, ojú wọn á máa lọ sókè sódò lára rẹ̀ bó o ti ń sọ̀rọ̀. Bó o bá sọ fún wọn pé ọba jókòó, wọ́n ti rí i pé ó jókòó. Bó o bá ní adé rẹ̀ ga, ta ni kò rí adé? Ìròyìn kì í dùn létí ẹni tí nǹkan ṣojú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí yín lò yẹn, ti àwọn ará Gíríìkì ni. Àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ sísọ láyé àtijọ́ wọn ló ń fi í pe àpèjúwe tó ń gbé ohun tí kò sí nítòsí wá síwájú ojú olùgbọ́: ogun tó jà lókèèrè, ìlú tí wọn ò dé rí, àjọ̀dún, ìjì. Nígbà tó yá gan-an ni wọ́n wá so ó mọ́ ère àti àwòrán. Kókó ibẹ̀ ni pé ohun náà kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orí rédíò lo ti fẹ́ ka ewì rẹ, màá ní kó o ṣàpèjúwe dáadáa, kó o sọ ti igi, kó o sọ ti àwọ̀, kó o sọ ti gíga. Ṣùgbọ́n iwájú òpó gan-an lo máa dúró sí. Iṣẹ́ mìíràn ló kù fún ẹnu rẹ láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú tèmi ṣe là. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí n kò ní dárúkọ pè mí láti wá ka ewì níwájú ère ìbejì méjì. Mo múra sílẹ̀. Mo kọ ìlà mẹ́rìnlélógún, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ròyìn: irun wọn tí wọ́n fi aró kùn, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wọn, osùn tó ti gbẹ mọ́ abẹ́ apá. Mo sọ bí imú ọ̀kan ṣe ti jẹ lọ, tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dan bí ọmọ odó, nítorí ọwọ́ ìyá tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn pa á, lójoojúmọ́. Ìlà yẹn dára, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ dòní. Mo wà lórí ìlà keje tàbí ìkẹjọ nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú sọ ọ́ wúyẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn." Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbè é: "Ẹdúnjobí." Ká tó ṣẹ́jú, àwọn mẹ́fà méje ti ń kì í lọ, ohùn wọn wọlé síra bí ẹni tó ti jọ ń ṣe é láti kékeré. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà sáré wá, ó fìka sẹ́nu. Wọ́n dákẹ́. Èmi náà bá tẹ̀síwájú lórí ìròyìn mi.

Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe ti ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́lé, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀. Tèmi ló ń dùn mí. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe síwájú ère ìbejì, èmi tí mo kàwé lórí rẹ̀ ni kò mọ̀. Wọ́n kí i. Èmi ń júwe rẹ̀ bí ẹni ń júwe ẹrù tó sọnù fún ọlọ́pàá.

Bí ilẹ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Ère kì í dá dúró láìsí ohùn. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbé sínú gíláàsì káàkiri ayé, orí ẹni tó ń jó ló wà rí, aṣọ bo ojú, ìlù ń dún. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ní Kétu àti nílẹ̀ Yewa, ẹni tó gbé e sórí náà ló ń kọrin, tó ń súre fún ìlú, tó ń bú ẹni tó bá yẹ ní bíbú. Nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, igi nìkan ló kù. Ẹ̀yin akéwì tẹ́ ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní ohun tí gíláàsì kò lè tọ́jú, ìyẹn ohùn. Ohun tí mo rò pé iṣẹ́ rẹ jẹ́ nìyí: kó o dá ohùn padà fún òpó náà. Kíkí lo sì máa fi dá a padà.

Wo bí Yorùbá ṣe ń kíni. Kò sí ipò tí a kò ní kíkí fún. Ẹni jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ kú ìrìn. Òtútù mú, ẹ kú òtútù. Ẹni tó ṣòfò, ẹni tó ṣorí ire, ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń sinmi, gbogbo wọn ló ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Kó o tó lè kí ènìyàn dáadáa, o ní láti kọ́kọ́ rí ipò tó wà. Nítorí náà, àkíyèsí tí olùdarí yín ń béèrè wà nínú kíkí, ó wà níbẹ̀ dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé ère lo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe nípa rẹ̀.

Gbé ìlà méjì yẹ̀ wò. Tí mo bá ní, "Olorì dúró lẹ́yìn ìtẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìtẹ́ mú," ìròyìn ni. Tí mo bá ní:

Olorì, ẹ kú ìdúró.
Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ ti di ìtẹ́ yìí mú,
apá ò ro yín?

Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ṣùgbọ́n èyí kejì ní ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń gbọ́ ọ, gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ á sì ṣàdédé wo apá obìnrin náà.

Jẹ́ ká sún mọ́ òpó fúnra rẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ẹ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ó ga tó mítà kan ààbọ̀ àti díẹ̀. Ọ̀dọ̀ Art Institute ló wà láti 1984. Ọba ni àárín, adé orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ẹyẹ wà lórí adé. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tóbi ju ọba lọ fíìfíì. Níwájú, nísàlẹ̀, ìyàwó kékeré wà lórí ìkúnlẹ̀, Èṣù ń fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan tún wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń fẹ́ ọba ní abẹ̀bẹ̀. Ó ti sọnù.

Ìwọ̀n tí Ọlọ́wẹ̀ fún obìnrin yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Olorì àgbà ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Ẹyẹ orí adé, agbára àwọn ìyá ni. Nítorí náà, ọba ló jókòó síbi tí ojú kọ́kọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n obìnrin ló wà lẹ́yìn, òun ló ga, òun lọwọ́ rẹ̀ wà lára ìtẹ́. Má ṣàlàyé gbogbo èyí nínú ewì. Kí olorì kó o tó kí ọba, ó tán. Ọmọ Yorùbá tó bá wà níbẹ̀ á béèrè lọ́kàn rẹ̀ pé kí ló dé tó o fi ọba sílẹ̀ kí olorì ṣáájú, á tún wo òpó náà, á rí ìdí.

Ọ̀rọ̀ alábẹ̀bẹ̀ tó sọnù wá ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Akéwì púpọ̀ ló máa fò ó nítorí kò sí níbẹ̀ láti wò. Ìwọ má fò ó. Àlàfo ni Ọlọ́wẹ̀ fi ń ṣọnà. Ààyè tó wà láàárín ère kan sí èkejì ṣe pàtàkì sí i bí ère ọ̀hún ti ṣe pàtàkì, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá. Àlàfo alábẹ̀bẹ̀ yàtọ̀, òun kọ́ ló fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ lo ti lè béèrè:

Alábẹ̀bẹ̀ dà?
Ooru Ìkẹ́rẹ́ la gbẹ́ ẹ fún,
òtútù Chicago ló wá bá Kábíyèsí.

Kọ tìrẹ o, kì í ṣe tèmi yìí. Mo kàn ń fi hàn ọ́ pé ohun tó sọnù náà ní kíkí tirẹ̀.

Tó o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ gan-an, ilé rẹ̀ ni àpẹẹrẹ wà. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló ti di ìlúmọ̀ọ́ká, 1938 ló kú. Ní 1988, ìyẹn àádọ́ta ọdún gbáko lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láyé ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa. Àádọ́ta ọdún, ìyá náà ò gbàgbé. Ó kí ọkọ rẹ̀ kú iṣẹ́. Ó ní ó yọrí láàárín ẹgbẹ́. Ó ní ìrókò tó le koko, bí ẹni gbẹ́ igbá ni ọkọ òun ń gbẹ́ ẹ. Ó ní ó lọ sí ààfin Ògògà, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ tó ń gbẹ́gi. Lẹ́yìn náà ló wá ń to ìlú: ẹ lọ sí Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ ọkọ mi wà níbẹ̀, ẹ dé Ìkàrẹ́, ó wà níbẹ̀, Ìgèdè, Ogbagì, Ògòtún, ààfin Déjì. Ó tún mẹ́nu ba kìnnìún kan tí wọ́n gbé lọ sí ìlú òyìnbó, pé ọwọ́ ọkọ òun ló ṣe é.

Kò dúró ṣàpèjúwe ojú ère kan. Ó ń kí ẹni tó gbẹ́ ẹ, ó ń pe orúkọ ibi tí iṣẹ́ wà. Ṣé o rí ọdún mẹ́rin tó sọ yẹn? Òun àti 1910 sí 1914 tó wà lára àkọlé ògiri bá ara wọn mu. Obìnrin tó ń ki ọkọ rẹ̀ nílé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń ka ìwé, wọ́n pàdé níbi ọdún mẹ́rin. Tó o bá fi orúkọ Chicago kún àwọn ìlú tí ìyá yẹn tò, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Ó ti gbé ìlú òyìnbó síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún. Àwọn olùgbọ́ kan á máa retí ìbínú látẹnu rẹ, nítorí wọ́n ti gbọ́ ti Ìbìní àti 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ ọnà ààfin ibẹ̀ lọ, wọ́n sì rò pé gbogbo igi Áfíríkà tó wà lókè òkun, bákan náà ni wọ́n ṣe débẹ̀. Má gbé ìtàn Ìbìní wọ Ìkẹ́rẹ́ lọ́rùn. Ìkẹ́rẹ́ ní tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ààfin kan náà, tí Ọlọ́wẹ̀ náà gbẹ́, tí Ògògà wà lórí rẹ̀ tó ń gba ọ̀gágun òyìnbó Ambrose lálejò, tí wọ́n gbé òyìnbó ọ̀hún dé lórí ibùsùn tí èèyàn ń gbé rìn, wọ́n kó o lọ sí àfihàn ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò gbowó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà ní pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì tún gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún un. Ronú sí ìyẹn wò: ọba tí agbẹ́gilére tó dára jù nílẹ̀ Èkìtì ń gbé nílé rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní àga òyìnbó. Mo ti ronú lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣì ń bà mí nínú jẹ́ díẹ̀, mo tún ń bọ̀wọ̀ fún ọba tó mọ̀ pé ohun òun tó ìtẹ́ ọba mìíràn. Ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó lójú, tó sì jẹ́ tòótọ́, sàn ju ìbínú àyálò lọ nínú ewì.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má jà. Òpó ààfin ni, kì í ṣe ojúbọ. Ọba, olorì àti agbẹ́gilére lo fẹ́ kí, Krìsìtẹ́nì ń kí ọba lójoojúmọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ti Èṣù tó ń fọn fèrè nísàlẹ̀ ló lè nira. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti fi orúkọ rẹ̀ túmọ̀ "devil" nínú Bíbélì ni orúkọ náà ti ń dẹ́rù ba àwọn ìyá wa, ohun méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ọkàn rẹ kò bá gbé e láti kí i, fi í sílẹ̀ síbi tó wà, fèrè rẹ̀ á máa dún. Ṣùgbọ́n má bú u láti fi tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ọlọ́wẹ̀ ló fi í síbẹ̀, ó sì mọ ìdí tó fi í síbẹ̀.

Bó o ṣe máa kọ ọ́. Lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán kó o tó kọ ìlà kan. Fi fóònù sínú àpò. Yí i ká débi tí àyè bá gbà ọ́. Ẹ̀yìn olorì ni kó o wò jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹlòmíràn kì í wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tó ti fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ hàn wá pé oríkì ni ọ̀nà tí a fi ń wọnú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, máa ń mẹ́nu ba ìfarabalẹ̀, ojú inú àti ìlutí. Ìlutí yẹn ni kó o mú dání lọ: kó o dúró débi tí nǹkan á fi dá ọ lóhùn. Bó o bá wá fẹ́ kọ ọ́, ṣe é bí agbẹ́gilére. Wọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ọnà irun. Àáké ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gé igi náà sí orí, ọrùn, ara, ìdí. Wọ́n á tún un gbẹ́, wọ́n á dán an, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ fín in. Lẹ́ẹ̀mẹrin tó o ti kọ yẹn, mo fura pé fífín lo kọ́kọ́ ń fín.

Kíkà rẹ̀ wá ni ọ̀pọ̀ akéwì ń kùnà sí. Gbọ̀ngàn ibẹ̀ ga, ilẹ̀ rẹ̀ le, ohùn á máa padà wá bá ọ. Èdè wa sì gbára lé ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀; bí àwọn méjèèjì bá dàrú mọ́ra nínú ìró tó ń padà bọ̀, ìtumọ̀ á sọnù. Nítorí náà, jẹ́ kí ìlà rẹ kúrú, kó o dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o má pariwo. Lọ dán an wò níbẹ̀ ṣáájú, kí ẹnì kan dúró lókèèrè máa gbọ́. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, má dúró síwájú rẹ̀ dí i lójú. Kọjú sí i nígbà tó o bá ń kí i. Àwọn ènìyàn á rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ, ó tó wọn. Ìgbà tó o bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ni kó o yíjú sí wọn. Má fọwọ́ kàn án o.

Yorùbá ni kó o kà á ní, látòkè délẹ̀. Tó o bá ń túmọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan bó o ti ń lọ, kíkí á di ẹ̀kọ́ kíláàsì. Sọ gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún lédè Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, kó o sọ ẹni tí Ọlọ́wẹ̀ jẹ́, kó o sọ pé kíkí lo fẹ́ kí i, kó o pín ìtumọ̀ lórí ìwé fún ẹni tó bá fẹ́. Wọ́n á gbádùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kí níṣojú rẹ̀ ló máa ń mọ̀ pé kíkí ni wọ́n ń kíni, ìbáà má gbọ́ èdè.

Àti pé kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ilé náà ṣáájú. Sọ fún wọn ní kedere pé ewì rẹ ní ègbè, pé àwọn ènìyàn lè dá ọ lóhùn láàárín rẹ̀, pé wọ́n lè kọrin, pé kì í ṣe ìdàrúdàpọ̀. Bó bá jẹ́ gángan lo fẹ́ mú wá, tọrọ àyè rẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ ọ̀hún gan-an mọ̀ nípa rẹ̀, kó má jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Èyí ni èmi kò ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pe ìyá rẹ lórí fóònù, kó o ka ewì náà sí wọn létí. Má ṣàlàyé nǹkan kan. Níbi tí wọ́n bá ti dá ọ lóhùn tàbí tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, fàmì sí i, má fọwọ́ kàn án mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ní "kí lo sọ?", ibẹ̀ ni kó o jókòó tì kí ilẹ̀ tó mọ́.